Ìrìnàjò Idà: Láti Igolo dé Àgbẹ̀dẹ Ìfọ̀nyìn

Ẹni tó bá gba Ìdìrókò kọjá ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Igolo ni ìlú tí yóò kọ́kọ́ bá ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Náírà yóò di séfà lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́kadà yóò di zémidjan, Faransé ni yóò sì máa kà lára pátákó. Èdè ẹnu ni kò yí padà. Obìnrin tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò lẹ́bàá títì, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo, Yorùbá ló fi ń pe oníbàárà, Yorùbá náà ló sì fi ń ka ṣéńjì fún un.

Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifangni ni Igolo wà. Ìfọ̀nyìn ni àwa Yorùbá ń pe Ifangni. Ó wà ní ẹkùn Plateau, níbi tí Ṣakẹ́tẹ́, Pọ̀bẹ́ àti Kétu náà wà. Ọ̀yọ́ Ilé ni ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ rẹ̀ ń tọ́ka sí, Ẹlẹ́hìn-Odò sì ni oyè ọba rẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìlà tí wọ́n fà la àárín ọmọ ìyá kọjá: Ìfọ̀nyìn bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá títí dòní. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ odindi ìwé lórí ìpín yìí ní 1976. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa, ó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí ti Ìdìrókò padà. Àwọn tí ẹnubodè pín ìdílé wọn sí méjì kò gbàgbé àsìkò yẹn.

Arìnrìnàjò tí ìròyìn yìí tẹ̀lé kò wá ra ìrẹsì, kò sì wá ra mọ́tò. Idà ló ń wá kiri.

Àwòrán idà kan wà nínú fóònù rẹ̀, irú èyí tí àwọn jagunjagun Yúróòpù ń lò láàárín nǹkan bí ọdún 1350 sí 1500. Ojú rẹ̀ méjèèjì mú, ó tọ́ gbọnrangandan, ó gùn ju mítà kan lọ, èèkù rẹ̀ sì gùn débi pé ọwọ́ méjèèjì lè dì í mú. Irin kan dábùú láàárín ojú idà àti èèkù láti dáàbò bo ọwọ́. Irin rìbìtì kan wà ní ìdí èèkù pátápátá, òun ló ń fa ìwúwo sẹ́yìn kí idà lè rọrùn fún ẹni tó ń fì í. Kì í ṣe idà àtijọ́ gan-an ló wà nínú àwòrán náà. Ẹ̀dà ni, tí alágbẹ̀dẹ òde òní fọwọ́ ṣe fún àwọn tó ń kó ohun ìjà àtijọ́ jọ.

Iṣẹ́ ńlá ni èyí ti dà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ewart Oakeshott, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé láti 1916 sí 2002, ló pín àwọn idà àtijọ́ wọ̀nyí sí ìsọ̀rí, láti X dé XXII, gẹ́gẹ́ bí ojú idà ṣe rí àti bí wọ́n ṣe ń lò ó. Alágbẹ̀dẹ tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà tó péye á lọ bá idà náà gan-an ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, á wọn ìbú rẹ̀, ìnípọn rẹ̀, ìwúwo rẹ̀, àti ojú ibi tó ti ń dúró déédéé tí a bá gbé e lé ìka kan. Àwọn idà gígùn yìí kò sì wúwo bí sinimá ṣe ń fi hàn. Láti kílò kan àti díẹ̀ sí kílò kan àtààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀dà tó dáa lè gba ẹgbẹ̀rún dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó fẹ́ rà á sì lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ló gbé arìnrìnàjò náà dìde nílé. Bí àwọn èèyàn bá lè san tó báyìí lórí ẹ̀dà idà àwọn ará Yúróòpù, kí ló dé tí alágbẹ̀dẹ tiwa fi ń ṣe ọkọ́ ní owó táṣẹ́rẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ idà?

Àárín ọ̀pẹ ni ọ̀nà Ìfọ̀nyìn gbà. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, eruku tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ń gbé sókè sì ń bà sórí ewé. Ọ̀pẹ ni ọrọ̀ agbègbè yìí. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pọ̀bẹ́ tí kò jìnnà síbẹ̀. Níbi tí ọ̀pẹ bá wà, àdá kì í sinmi, níbi tí àdá kì í sì í sinmi, iná àgbẹ̀dẹ kò ní kú.

“Àroyè o!” ni arìnrìnàjò náà fi kí bàbá tó wà nídìí iná.

“Ògún á gbè yín o,” ni bàbá fi dá a lóhùn, kò gbé ojú kúrò lára irin tó wà lẹ́nu ẹ̀mú.

Ọkọ́, àdá, ọ̀bẹ àti agogo irin ló wà nílẹ̀. Ọmọkùnrin kan jókòó ti ewìrì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n to sípírìn ọkọ̀ ẹrù jọ, àwọn pẹlẹbẹ irin tó tẹ̀ kọdọrọ tí wọ́n máa ń tò lé ara wọn sábẹ́ ọkọ̀ láti gbé ẹrù. Bàbá nu ọwọ́, ó gba fóònù, ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà, ó sì wo idà ọ̀hún láti èèkù dé ṣóńṣó. Kò béèrè ẹni tó ni ín, kò béèrè iye tó jẹ́. Irin tí wọ́n fi ṣe é ló kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tó gbọ́ pé irin sípírìn ni, ó yíjú sí òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Irin tí àwọn oníṣẹ́ idà ní Amẹ́ríkà ń pè ní 5160, èyí tó wọ́pọ̀ gan-an nínú ẹ̀dà idà tó lágbára, irin tí wọ́n ń fi ṣe sípírìn ọkọ̀ ni. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún, kúrómíọ̀mù díẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kó le dáadáa. Ohun tí ọkọ̀ ẹrù ń fẹ́ lára irin náà ni idà ń fẹ́ lára rẹ̀: kó tẹ̀ láìdá, kó sì padà sí bó ṣe wà. Irin tí àwọn kan ń san dọ́là lé lórí lókè òkun wà nílẹ̀ ní Ìfọ̀nyìn, nínú àlòkù ọkọ̀ tó ń gba Igolo kọjá.

Ṣùgbọ́n irin nìkan kọ́ là ń pè ní idà. Àgbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń fà yọ nínú idà gígùn pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ na sípírìn náà kó tọ́, wọ́n á wá máa lù ú nígbà tó bá pọ́n. Bí ojú idà ṣe ń kúrò nídìí èèkù lọ sí ṣóńṣó ló gbọ́dọ̀ máa tín-ín-rín, kì í ṣe ní ìbú nìkan, ní ìnípọn pẹ̀lú. Àìtín-ín-rín ìnípọn yìí ló ń sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú di ẹrù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi fáìlì yún un, wọ́n á sì fa ipa gbọọrọ kan sí àárín ojú idà láti dín ìwúwo kù láìba agbára rẹ̀ jẹ́.

Ibi tí ọkàn alágbẹ̀dẹ ti máa ń sáré ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ rì í bọ epo. Irin náà gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 800 digiri, kó sì gbóná bákan náà láti òkè délẹ̀. Tó bá ti tó nǹkan bí 770 digiri, mágínẹ́ẹ̀tì kò ní lè fà á mọ́. Ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ń fi èyí mọ̀ pé ó ti ń súnmọ́ ọn. Wọ́n á tún mú un gbóná díẹ̀ sí i, wọ́n á sì rì í sínú epo. Nígbà tó bá jáde, ó ti le bíi gíláàsì, ó sì lè fọ́ bíi tirẹ̀ tó bá já bọ́. Nítorí náà wọ́n á dá a padà síbi ooru tí kò pọ̀, kí líle rẹ̀ rọ̀ níwọ̀nba, kó lè máa tẹ̀.

Ibí yìí ni bàbá náà dúró lé. Ó ní ojú iná tòun kò gùn ju ohun tí ọkọ́ àti àdá ń fẹ́ lọ. Irin tó gùn ju mítà kan lọ yóò gbóná níhìn-ín, yóò tutù lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá sì rì í bọ epo bẹ́ẹ̀, yóò wọ́.

“A ó gbẹ́ ojú iná gígùn sílẹ̀ ni,” ni ó wí lẹ́yìn tó ti rò ó, “a ó sì wá ẹni kejì sídìí ewìrì. Kò ju ọwọ́ lọ. Ta ni yóò sanwó rẹ̀ ni ká béèrè.”

Ó tún fi ìka kan ibi tí ojú idà ti wọ inú èèkù nínú àwòrán náà, ó sì béèrè bóyá irin náà gba inú èèkù já dé ìdí. Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn àgbà nínú ká kó idà jọ máa ń béèrè kí wọ́n tó yọ owó. Nínú ẹ̀dà gidi, irin ojú idà gba àárín igi èèkù kọjá, ó wọ inú irin rìbìtì tó wà nídìí, wọ́n á sì fi òòlù lu orí rẹ̀ pẹlẹbẹ kó má lè yọ mọ́. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún ìfihàn lára ògiri, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n máa ń jó mọ́ ìdí ojú idà, irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n sì sábà máa ń lò, èyí tó lè ṣẹ́ tí ó bá gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ ṣeré, ojú idà lè já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó fò lu ẹlòmíràn. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni ra idà, kó béèrè ohun tó wà nínú èèkù.

Idà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yìí. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá fi idà Ọ̀rányàn tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá lé Aláàfin tuntun lọ́wọ́ ni àṣẹ ìyè àti ikú tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀yọ́ tí Ìfọ̀nyìn ń tọ́ka sí nìyẹn. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n fi eyín erin gbẹ́ idà oyè tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun títí di ìsinsìnyí. Àwọn Fọ̀n, aládùúgbò Ìfọ̀nyìn níwọ̀ oòrùn, ní gubasa, idà Gu tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n sì máa ń dá ọnà ihò sí lára. Gu ni orúkọ tí wọ́n ń pe Ògún.

Idà ilẹ̀ Yúróòpù àti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ Áfíríkà náà sì ti pàdé tipẹ́. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn idà gígùn láti Yúróòpù dé Íjíbítì, wọ́n sì kó wọn sí ilé ìkóhun-ìjà-sí ní Alexandria, níbi tí wọ́n ti fín ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sára wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní Istanbul lónìí, àwọn kan sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Royal Ontario ní Toronto. Ilé-iṣẹ́ Albion ní Amẹ́ríkà ń ṣe ẹ̀dà kan tí wọ́n fi orúkọ Alexandria pè. Nígbà tí Heinrich Barth, ọmọ Jámánì, dé Kánò ní 1851, ó rí i pé ojú idà tó ń wọ ìlú náà láti Solingen ní Jámánì lọ́dọọdún lè tó 50,000. Kánò ni wọ́n ti ń fi èèkù sí wọn lára, tí wọ́n sì ń tà wọ́n káàkiri ilẹ̀ Haúsá, Nupe àti Bọ̀rnú títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Tuareg. Idà takobi tí àwọn Haúsá àti Tuareg ń lò tọ́, ojú rẹ̀ méjèèjì mú, irin dábùú sì wà níwájú èèkù rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ idà Yúróòpù àtijọ́ yóò rí i pé ẹbí ni wọ́n.

Láti Ìfọ̀nyìn, arìnrìnàjò náà gba Àjàṣẹ́ kọjá, ìyẹn Porto-Novo, ó sì forí lé Àgbómẹ̀. Ààfin àwọn ọba Dahomey tó wà níbẹ̀ ti wọ ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti 1985. Nínú ọgbà ààfin náà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe ère bàbà, wọ́n ń rán aṣọ alárànmọ́, wọ́n sì ń tà wọ́n fún àlejò. Ní ìlú yìí, ìdílé Hountondji jẹ́ alágbẹ̀dẹ ọba, irin, fàdákà àti bàbà ló sì sọ orúkọ wọn di ńlá. Iṣẹ́ ọwọ́ kò kú níhìn-ín. Ohun tí ojú kò rí lórí ọ̀pọ̀ ọjà náà ni orúkọ ẹni tó ṣe é.

Iṣẹ́ irin tó lókìkí jù lọ tó ti ilẹ̀ yìí jáde kò sí ní Àgbómẹ̀. Ère Gu ni, tí Akati Ekplekendo ṣe ní nǹkan bí 1858 fún ọba Glele, ní ìrántí bàbá rẹ̀, Ghezo. Àlòkù irin láti òkè òkun ni wọ́n fi rọ ọ́, idà ńlá ni wọ́n sì ṣe fún un láti gbé lọ́wọ́. Ìtàn sọ pé Doumè ni wọ́n ti kó Akati lẹ́rú wá, pé ọmọ Yorùbá sì ni. Àwọn ọmọ ogun Faransé gbé ère náà ní Ouidah, ó dé Paris ní 1894, ó dé New York fún ìfihàn ní 1935, Louvre ló sì wà báyìí.

Nígbà tí òfin Faransé ti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ọdún 2020 fọwọ́ sí ìdápadà ohun ìṣúra 26 tí Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó ní Àgbómẹ̀ ní 1892, ère Gu kò sí nínú wọn. Àwọn ohun náà gúnlẹ̀ sí Cotonou ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ayọ̀ sì gba ìlú kan. Òfin kan náà yìí fún Senegal ní idà tí wọ́n ní ó jẹ́ ti El Hadj Omar Tall, èyí tó ti dé Dakar láti 2019. Klingenthal, ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti ṣe ojú idà ọ̀hún. Olórí ogun ńlá tó dojú kọ Faransé ni Omar, irin Faransé sì ni idà tí wọ́n ń pè ní tirẹ̀, síbẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n dá a padà sí.

Bí ère Gu kò bá tíì padà, alágbẹ̀dẹ Bẹ̀nẹ̀ lè rọ ẹ̀dà idà ọwọ́ rẹ̀. Bí idà eyín erin Ọ̀wọ̀ bá wà ní London, oníṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀wọ̀ lè fi igi tàbí egungun màlúù ṣe irú rẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí ẹ̀dà ń béèrè ju ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ lọ, ìyẹn ni òtítọ́. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Ernst Schmidt ní Munich ń ṣe ẹ̀dà ìhámọ́ra àti idà tó dára púpọ̀, ó sì ń tà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n bí ohun àtijọ́. Ní àsìkò yẹn kan náà, Luigi Parmeggiani, ọmọ Ítálì tó ń pe ara rẹ̀ ní Marcy, ta ayédèrú ohun ọ̀ṣọ́ àti idà ní London, ó sì tan àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá jẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹlẹ́tàn kò pọ̀ ju orúkọ àti ọdún lọ.

Àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ lè ba nǹkan jẹ́, wọ́n sì lè tún un ṣe. Ní 2015, àwọn oníṣòwò ohun ọnà láti Paris ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan fún ọ̀pá àṣẹ àwọn ọba Dahomey ní Abomey-Calavi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta àwọn ohun Dahomey kan ní gbàǹjo ní Nantes ní 2019, wọ́n rà wọ́n, wọ́n sì kó wọn wá síbẹ̀ ní 2020. Ẹni tó bá lè sanwó fún àtijọ́ lè sanwó fún alààyè pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ idà lára ògiri yín ní Èkó, ní Cotonou, ní London tàbí ní Houston, ẹ má ṣe gbàgbé àgbẹ̀dẹ. Ẹ lọ bá alágbẹ̀dẹ ní Ìfọ̀nyìn, ní Kétu, ní Ọ̀yọ́, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ idà kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ yín. Ẹ fún un ní àwòrán àti ìwọ̀n, ẹ fún un ní àkókò, ẹ san owó iṣẹ́ idà fún un, ẹ má ṣe san owó ọkọ́. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ jẹ́ kó fín orúkọ rẹ̀, orúkọ ìlú rẹ̀ àti ọdún sí irin náà, nítòsí èèkù. Ẹ̀yin alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Àjàṣẹ́ àti Àgbómẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ gbé iṣẹ́ ẹ̀dà fún àwọn ọmọ onílé, kí owó tí àlejò ń ná níbẹ̀ lè dé ìdí ewìrì.

Bàbá alágbẹ̀dẹ ní Ìfọ̀nyìn ti sọ tirẹ̀: iṣẹ́ náà kò ju ọwọ́ lọ. Ó kan ẹ̀yin oníbàárà.